Onílé Ni Kò Ní Gbà: Ìtàn Títọ́jú Àgbàlá ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Ọ̀pọ̀ wa ti gbọ́ òwe yìí láti kékeré, a sì máa ń pa á fún ọ̀rọ̀ tí kò kan òjò rárá. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ ká mú un bó ṣe wà gan-an. Ta ni onílé tí kò ní gbà fún àgbàrá? Kí ló máa ń ṣe, ìgbà wo nínú ọdún ló sì máa ń ṣe é? Ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń kàwé tàbí tí ilé bàbá wa wà, ìdáhùn sí ìbéèrè yìí ti yí padà lọ́pọ̀ ìgbà látìgbà tí òyìnbó ti wọlé.

Ohun tí a fẹ́ sọ kò gùn. Nígbà kan, ojú ọjọ́ ló ń sọ fún onílé pé kó tún àgbàlá rẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn náà, wolé-wolé ló ń sọ fún un. Lẹ́yìn ìyẹn, sójà ni. Nígbà tí kóòtù wá ní kí ìjọba yéé há àwọn èèyàn mọ́lé nítorí ìmọ́tótó, kò sí ẹni tó ń sọ fún wa mọ́, a sì ti gbàgbé bí a ṣe ń ka ojú ọjọ́ fúnra wa.

Ìlú tó ń jẹ́ orúkọ ẹ̀fọ́

Ìtàn ìlú Ìkòròdú sọ pé láti inú "Oko Òdú" ni orúkọ ìlú náà ti wá, pé àwọn tó wá láti Ṣàgámù ló dá oko síbẹ̀ kó tó di ìlú. Òdú jẹ́ ẹ̀fọ́ tó máa ń hù fúnra rẹ̀ níbi tí ilẹ̀ bá ti lọ́ràá, pàápàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààtàn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé òdú kì í ṣe àìmọ̀ olóko. Ní ti Ẹ̀pẹ́, ìlú etí ọ̀sà ni, àwọn Ìjẹ̀bú sì ti wà níbẹ̀ tipẹ́ kí Ọba Kòsọ́kọ́ tó sá kúrò l'Ékòó ní ìparí ọdún 1851, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ọkọ̀ ojú omi lé e kúrò lórí oyè. Ẹ̀pẹ́ ló fi ṣe ibùdó títí di 1862. Láti ìgbà náà ni Ẹ̀pẹ́ ti di Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ àti Èkó Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n sì ń ṣe ọdún Kayọ̀káyọ̀ láti rántí bí Kòsọ́kọ́ àti àwọn èèyàn rẹ̀ ṣe gúnlẹ̀ síbẹ̀.

Àgbàlá ilé ní àwọn ìlú wọ̀nyí kò jọ èyí tí a ń rí nínú fíìmù òyìnbó, tí koríko tútù bo gbogbo rẹ̀. Ilẹ̀ gbalasa ni. A máa ń gbá a láràárọ̀ títí ojú ọwọ̀ yóò fi hàn lórí iyanrìn. Kì í ṣe pé àwọn bàbá wa kò mọ ẹwà koríko. Ìdí wà. Bí ejò bá gba àgbàlá tí kò ní koríko kọjá, ojú ò ní pẹ́ rí i. Bí òjò bá dá, ilẹ̀ gbalasa máa ń tètè gbẹ. Bí iná bá ràn nínú igbó nígbà ọyẹ́, kò ní rí ohun tí yóò jó títí dé abẹ́ òrùlé, ewé àti imọ̀ ọ̀pẹ ni òrùlé sì jẹ́ nígbà náà.

Ọgbọ́n yìí kò dúró sílé. Ní ìpínlẹ̀ Georgia àti South Carolina ní gúúsù Amẹ́ríkà, àwọn aláwọ̀ dúdú gbá àgbàlá wọn bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ìran, láìjẹ́ kí koríko kan hù síbẹ̀. Àwọn onímọ̀ tó ṣèwádìí rẹ̀ gbà pé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni àṣà náà ti bá àwọn ẹrú lọ. Ẹni tí wọ́n kó nílẹ̀, tí wọ́n gba orúkọ rẹ̀, tí wọ́n gba èdè rẹ̀, kò gbàgbé bí wọ́n ṣe ń gbá ojúde.

Bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ rò pé ilẹ̀ gbalasa nìkan làwọn baba ńlá wa mọ̀. Ní Ilé-Ifẹ̀, nǹkan bí 800 ọdún sẹ́yìn, wọ́n ti ń fi apáàdì tẹ́ àgbàlá àti ọ̀nà. Wọ́n á to ó ní ìnaró, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, nígbà mìíràn wọ́n á fi òkúta funfun sí i láàárín. Ìtàn Ifẹ̀ so iṣẹ́ yìí mọ́ Lúwo, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni, wọ́n ní kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ ta sí òun láṣọ. Ohun tó yẹ ká ṣàkíyèsí ni pé àlàfo wà láàárín apáàdì kan àti èkejì. Omi ń rí ibi wọlẹ̀ lọ. A ó padà sórí ọ̀rọ̀ yìí.

Kàlẹ́ńdà tí a kò kọ sílẹ̀

Iṣẹ́ àgbàlá ní àsìkò rẹ̀. Gbígbálẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ojoojúmọ́, ọwọ́ àwọn ọmọbìnrin àti ìyàwó ilé ló sì sábà máa ń wà. Òwúrọ̀ ni wọ́n ń gbá a. Wọn kì í gbálẹ̀ lóru, èèwọ̀ ni, kí wọ́n má baà gbá ire ilé dànù. Ẹni tó bá rò ó dáadáa á mọ̀ pé nínú òkùnkùn, ó rọrùn láti gbá owó ẹyọ tàbí ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ pàǹtírí.

Àwọn iṣẹ́ tó tóbi jù ìyẹn ń tẹ̀ lé òjò. Ní etí ọ̀sà wa, òjò máa ń rọ̀ gan-an láti oṣù Kẹrin dé oṣù Keje, á sinmi díẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ, á tún padà ní oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá. Nítorí náà, ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ni àkókò títún òrùlé ṣe àti rírẹ́ ògiri, nítorí pé amọ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ kí òjò tó dé. Àkókò yẹn náà ni wọ́n ń la ojú àgbàrá, kí omi lè mọ ibi tí yóò gbà kúrò láàárín ilé. Bí àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, wọ́n á gbin ẹ̀fọ́ sẹ́yìnkùlé. Nígbà tí òjò bá wá pọ̀, àwọn ọkùnrin á máa fi àdá àti ọkọ́ lé koríko sẹ́yìn, wọ́n á sì fi èésan tàbí iyanrìn dí ibi tí àgbàrá bá ti gbẹ́. Ìsinmi oṣù Kẹjọ wà fún àtúnṣe. Lẹ́yìn àrọ̀kúrò, kí ọyẹ́ tó mú, wọ́n á ṣán igbó tó sún mọ́ ilé nítorí iná.

Ohun ọ̀gbìn inú àgbàlá náà ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò máa ń wà níbi tí omi balùwẹ̀ ń ṣàn sí, wọ́n á mu omi náà, wọ́n á sì so. Lápálápá àti pèrègún ni wọ́n fi ń ṣe ọgbà yí ilé ká. Ewúro wà nítòsí ilé ìdáná. Ààtàn wà lẹ́yìn ilé, èèpo iṣu, eérú àti ewé gbígbẹ ló ń lọ síbẹ̀. Ewúrẹ́ á jẹ èyí tó lè jẹ, ìyókù á jẹrà. Lọ́dún tó bá tẹ̀ lé e, ààtàn á di ibi tí òdú àti tòmátì ti ń hù. Kò sí ohun tí a lè pè ní ìdọ̀tí tí kò ní ibi tó ń lọ.

Baálé ló ń ṣe kòkáárí gbogbo èyí. Òun ló máa sọ ọjọ́ tí agbo ilé máa jáde yẹ ọ̀nà tàbí la ojú àgbàrá. Ẹni tí kò bá jáde, kì í ṣe ọlọ́pàá ló ń bẹ̀rù, ojú ará ilé ló ń tì í.

Wolé-wolé dé

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892, láti Ẹ̀pẹ́ ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti gbéra lọ bá Ìjẹ̀bú jà. Ní 1894, Ìkòròdú di ara Kólónì Èkó. Ìjọba tuntun yìí kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wo inú àgbàlá èèyàn.

Ẹ̀fọn ló fà á. Ní 1897, ní Íńdíà, Ronald Ross rí i pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà kiri. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, William MacGregor di gómìnà Èkó. Dókítà ni òun náà, ó sì gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Ó gbẹ́ odò tó fa omi àbàtà kúrò ní Erékùṣù Èkó, ó sì ń pín kuniníìnì. Láti ìgbà náà ni omi tó dúró sójú kan nínú àgbàlá ti di ọ̀rọ̀ ìjọba. Nígbà tó di 1917, òfin ìlera gbogbogbòò jáde tó fún àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó lágbára láti wọ ilé èèyàn, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì fún onílé níwèé pé kó tún ohun tí kò dára ṣe.

Àwọn èèyàn wa kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá orúkọ tí wọn ó pè wọ́n. Wọ́n ń wo ilé, wọ́n tún ń wo ilé, wolé-wolé ni wọ́n. Aṣọ kakí ni wọ́n ń wọ̀. Wọ́n á wo ṣáláńgá, wọ́n á wo koríko ẹ̀yìnkùlé, wọ́n á sì yọjú sínú àmù bóyá tanwíjí wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá rí i, wọ́n á da omi náà nù, sàmáǹsì sì lè tẹ̀ lé e. Ẹ fojú inú wo ìyá tó rán ọmọ rẹ̀ lọ pọnmi láàárọ̀, tí òṣìṣẹ́ ìjọba wá dà á nù lọ́sàn-án. Lójú wolé-wolé, ilé ẹ̀fọn ló dà nù. Lójú ìyá yẹn, ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ ni. Àwọn méjèèjì kò purọ́.

Ó yẹ ká fún àwọn wolé-wolé ní ẹ̀tọ́ wọn. Láti 1924 títí di nǹkan bí 1930, àrùn tí eku ń gbé kiri jà l'Ékòó, ó sì pa èèyàn púpọ̀. Ọ̀kan lára àwọn tó bá a jà ni Dókítà Isaac Ladipo Oluwole, ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Isaac Oluwole. Òun ni ọmọ adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó di ọ̀gá àgbà fún ètò ìlera ìlú Èkó. Ó fi ọwọ́ pàtàkì mú ẹ̀kọ́ àwọn wolé-wolé ní ilé ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó ní Yaba, àwọn tó sì kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ tàn ká gbogbo Nàìjíríà. Àrùn tí a kò gbọ́ mọ́ lónìí, àwọn kan ló ṣiṣẹ́ kí a tó yéé gbọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan yí padà níbẹ̀. Títí di ìgbà náà, òjò ni èèyàn ń wò kó tó gbé ọkọ́. Ní báyìí, wolé-wolé ló ń wò. Bí ó bá ń bọ̀, wọ́n á sáré gbálẹ̀. Bí ó bá lọ, ó lọ nìyẹn.

Àárọ̀ Sátidé

Ìjọba tó ń ṣàkóso Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ń yí padà: Kólónì, lẹ́yìn náà Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn láyé àwọn Awólọ́wọ̀, títí wọ́n fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1967. Ní 1977, ìpínlẹ̀ dá àjọ tó ń kó pàǹtírí sílẹ̀, òun ló wá di LAWMA ní 1991.

Èyí tí àwọn òbí wa rántí jù ni ti àwọn ológun. Ní oṣù Kẹta ọdún 1984, ìjọba Buhari àti Idiagbon bẹ̀rẹ̀ ogun tí wọ́n gbé ti ìwà àìbìkítà, tí gbogbo ayé mọ̀ sí WAI. Ìpele karùn-ún rẹ̀, ti ìmọ́tótó àyíká, bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 1985. Nígbà tó di ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún náà, wọ́n ti gba ìjọba lọ́wọ́ Buhari. Ìjọba lọ, ṣùgbọ́n Sànítéṣọ̀n dúró. Sátidé tó bá gbẹ̀yìn oṣù, láti aago méje sí aago mẹ́wàá àárọ̀, ọkọ̀ kò gbọdọ̀ rìn, ọjà kò gbọdọ̀ ṣí. Ẹni tí wọ́n bá rí lójú títì, kóòtù alágbèéká ń dúró dè é.

Ọ̀pọ̀ nínú wa gbé ọwọ́ lé ọwọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ ní irú Sátidé bẹ́ẹ̀. Ní òótọ́, àdúgbò máa ń mọ́, àwọn aládùúgbò sì máa ń ríra. Ṣùgbọ́n ẹ wo kàlẹ́ńdà yẹn dáadáa. Ìgbà méjìlá lọ́dún, wákàtí mẹ́ta mẹ́ta, yálà òjò ń rọ̀ tàbí ọyẹ́ ń fẹ́. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè bóyá oṣù Kẹta ni, tí gọ́tà nílò ọjọ́ méjì gbáko, tàbí oṣù Kìíní, tí igbá ọwọ̀ kan ti tó. Wọ́n tún máa ń kó ẹrẹ̀ inú gọ́tà sí etí gọ́tà. Bí ọkọ̀ kò bá tètè wá kó o, òjò tó bá tẹ̀ lé e á gbé e padà sínú ilé rẹ̀.

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹta ọdún 2015, nínú ẹjọ́ tí agbẹjọ́rò Ebun-Olu Adegboruwa pè, Adájọ́ Mohammed Idris ti ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ékòó dájọ́ pé kò sí òfin tó fún ìjọba lágbára láti dá ìrìn àwọn ará ìlú dúró nítorí Sànítéṣọ̀n. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2016, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn náà sọ nínú ẹjọ́ mìíràn pé àṣẹ tí gómìnà pa lẹ́nu kì í ṣe òfin tí a kọ sílẹ̀, a kò sì lè fi dá èèyàn lẹ́bi. Kí oṣù yẹn tó parí, ìjọba Ambode fagi lé Sànítéṣọ̀n oṣooṣù.

A fara mọ́ ìdájọ́ wọ̀nyẹn tọkàntọkàn. Ẹni tó ń gbé ìyá rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn ní aago mẹ́jọ àárọ̀ Sátidé kì í ṣe ọ̀daràn. Ohun tó ń dùn wá ni pé nígbà tí ẹ̀rù lọ, kò sí ohun tó rọ́pò rẹ̀. Fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún, wọ́n ti kọ́ onílé pé ẹlòmíì ló ń mọ ìgbà tó yẹ kó tọ́jú àgbàlá rẹ̀.

Ohun tó wà nínú àgbàlá lónìí

Ẹ bá wa rìn ká àwọn ilé tí a ń háyà ní Odogunyan tàbí ní Ẹ̀pẹ́. Àgbàlá tí kò ní síméǹtì ti ń dín kù. Íńtálọ́ọ̀kì ni wọ́n fi bo ọ̀pọ̀, síméǹtì gbanjan ni wọ́n fi bo ìyókù, láti ìdí ògiri dé ẹnu géètì. Ó mọ́ lójú, kò sí ẹrẹ̀, ejò kò rí ibi sá sí. Ṣùgbọ́n síméǹtì kò mu omi. Omi tí ilẹ̀ ìbá fà á máa jáde gba abẹ́ géètì lọ sílé aládùúgbò. Apáàdì Ifẹ̀ mọ ohun tí síméǹtì gbanjan kò mọ̀. Íńtálọ́ọ̀kì pàápàá lè mu omi díẹ̀ bí a bá tò ó sórí iyanrìn láìfi síméǹtì dí àlàfo rẹ̀, ṣùgbọ́n àwa fẹ́ kó dán.

Pàǹtírí náà ti yí padà. Ọwọ̀ àti ààtàn ni a fi ń kápá ewé, èèpo àti eérú. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kì í jẹrà, ewúrẹ́ tó bá jẹ ẹ́ lè kú, bí a bá sì sun ún, èéfín rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Inú gọ́tà ló máa ń sùn sí. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, ìjọba Èkó fòfin de àwọn ike fúnfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń di oúnjẹ. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rá ṣì wà níbẹ̀.

A ò sì ní purọ́ pé onílé nìkan ló lè dá àgbàrá dúró. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2010, omi bo Ajégúnlẹ̀ tó wà lọ́nà Ìkòròdú nígbà tí wọ́n tú omi sílẹ̀ láti ìdídò Ọ̀yán, tí wọ́n ṣí ní 1983, tí Odò Ògùn sì kún àkúnya. Wọ́n kó lára àwọn tí ilé wọn rì lọ sí àgọ́ tó wà ní Àgbówá. Kò sí ọwọ̀ tó lè gbá ìyẹn. Ìjọba tó ń fi ìka tọ́ka sí ọ̀rá ẹnu géètì wa gbọ́dọ̀ gbẹ́ gọ́tà ńlá, kó kìlọ̀ kí omi ìdídò tó dé, kó má sì fọwọ́ sí ilé kíkọ́ lójú ọ̀nà omi. Baálé kì í bá ọmọ wí lórí ilẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kò gbá.

Kí ni a lè ṣe?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, a mọ̀ pé ilé kì í ṣe tiwa, owó ilé là ń san. Láńlọ́ọ̀dù wà nígboro Èkó, éjéǹtì kì í gbé fóònù. Síbẹ̀, nínú yàrá wa ni omi ń wọ̀. Agbo ilé ni ilé tí èèyàn mẹ́wàá bá ń gbé pa pọ̀, bí wọn kò tilẹ̀ jẹ́ ọmọ bàbá kan náà. Ohun tí a dábàá ni kí a dá kàlẹ́ńdà àtijọ́ padà, kí a kọ ọ́ sára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀:

Oṣù Kejì sí Ìkẹta: ẹ wo pánù àti ibi tó ń jò, ẹ kó ẹrẹ̀ inú gọ́tà, kí ẹ sì kó o sínú àpò kó gbẹ, ẹ má fi í sílẹ̀ sétí gọ́tà.

Oṣù Kẹrin: ẹ bẹ̀bẹ̀ fún ìwọ̀n ilẹ̀ díẹ̀ tí kò ní síméǹtì. Ewúro àti ẹ̀fọ́ kò gba ààyè púpọ̀, wọ́n sì ń mu omi.

Oṣù Karùn-ún sí Ìkeje: lọ́ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ da omi inú táyà, agolo àti ike nù. Tanwíjí kò tíì yí ìwà padà láti ayé MacGregor.

Oṣù Kẹjọ: ẹ dí ihò tí àgbàrá gbẹ́, ẹ tún gọ́tà wò kí àrọ̀kúrò tó dé.

Oṣù Kọkànlá sí Ìkejìlá: ẹ ṣán koríko tó sún mọ́ ilé, ẹ má sun pàǹtírí nínú ọyẹ́.

Kò gba sójà. Kò gba sàmáǹsì. Ó gba kí ẹnì kan nínú ilé wo ojú sánmà kó sì kan ilẹ̀kùn àwọn tó kù, bí baálé ṣe máa ń ṣe. Ọ̀dọ̀ àwọn ìyá wa ni kí a ti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Bí ẹ bá délé nígbà ìsinmi, ẹ bi wọ́n pé ibo ni omi ń gbà kúrò nínú agbo ilé yín kí wọ́n tó da síméǹtì sí i. Ọ̀pọ̀ wọn ṣì lè fi ọwọ́ tọ́ka sí ibẹ̀.